Adìyẹ Ilé-Ifẹ̀ àti Ẹ̀rí Inú Ẹ̀jẹ̀: Ohun tí Ìwádìí Jíìnì Sọ nípa Orísun Adìyẹ Ìbílẹ̀

Ìfáárà

Nínú ìtàn ìṣẹ̀dá tí a mọ̀ mọ Ilé-Ifẹ̀, omi ni ó kọ́kọ́ bo gbogbo ayé. Ẹni tí Olódùmarè rán wá, tí àwọn kan ní Ọbàtálá ni, tí àwọn mìíràn ní Odùduwà ni, fi ẹ̀wọ̀n rọ̀ láti ìsálọ̀run. Ó gbé iyẹ̀pẹ̀ àti adìyẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún dání. Ó da iyẹ̀pẹ̀ sórí omi, ó gbé adìyẹ lé e, adìyẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tan ilẹ̀ títí tí ilẹ̀ fi fẹ̀. Láti ara fífẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ onítàn ti fa orúkọ Ifẹ̀ yọ. Samuel Johnson náà kọ ẹ̀dà ìtàn kan tí ó sún mọ́ èyí sínú The History of the Yorubas, ìwé tí a tẹ̀ jáde ní 1921.

Ní ọ̀nà kejì ẹ̀wẹ̀, àwọn onímọ̀ jíìnì ti fi ẹ̀rí hàn pé igbó ilẹ̀ Éṣíà ni adìyẹ ti ṣẹ̀, àti pé àlejò ni ó jẹ́ ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ lè rò pé ọ̀kan gbọ́dọ̀ pa èkejì. Èrò yìí kò tọ̀nà. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé bí a ṣe mọ orísun adìyẹ, ọ̀nà tí ó gbà dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àti ohun tí ẹ̀rí náà lè sọ àti èyí tí kò lè sọ. Kókó rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ náà "ìbílẹ̀", nígbà tí a bá lò ó fún ẹran ọ̀sìn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibi tí ẹran ti ṣẹ̀ bí kò ṣe ọ̀rọ̀ ohun tí ilẹ̀ àti àwọn tí ń sìn ín ti sọ ọ́ dà.

Bí DNA ṣe ń jẹ́rìí

Nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara adìyẹ ni DNA wà. A lè fi wé ìwé gígùn kan tí a fi lẹ́tà mẹ́rin péré kọ. Gbogbo ìwé náà lápapọ̀ ni à ń pè ní jínóòmù, ti adìyẹ sì gùn tó nǹkan bí bílíọ̀nù kan lẹ́tà. Ní 2004 ni ìwé àtìgbàdégbà Nature gbé àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde. Kò sí ẹyẹ kankan tí a ti ka jínóòmù rẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Nígbà tí òbí bá ń da ìwé yìí kọ fún ọmọ, lẹ́tà kan tàbí méjì máa ń yí padà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyípadà náà yóò sì máa bá ìran náà lọ. Bí ẹyẹ méjì tí wọ́n jìnnà síra bá ní ìyípadà kan náà, a jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní baba ńlá tàbí ìyá ńlá kan náà. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Bí àlejò méjì bá pàdé ní ìlú òkèèrè, tí oríkì orílẹ̀ wọn sì bára mu, wọn kò nílò ìwé ẹ̀rí mìíràn kí wọ́n tó mọ̀ pé ìdí kan náà ni wọ́n ti ṣẹ̀.

Oríṣi DNA méjì ni ó ṣe pàtàkì níhìn-ín. Èkíní wà nínú máítókọ́ńdríà, ọ̀dọ̀ ìyá nìkan ni ọmọ sì ti ń jogún rẹ̀. Nítorí náà, ìran àgbébọ̀ nìkan ni ó lè sọ. Kò mọ ohunkóhun nípa àkùkọ. Èkejì wà nínú kókó inú sẹ́ẹ̀lì, ìyá àti baba ni wọ́n sì jọ ń fi í sílẹ̀ fún ọmọ. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni." Ìtàn ìwádìí nípa adìyẹ fi òótọ́ inú òwe yìí hàn.

Ní 1994, Ọmọọba Fumihito ti ilẹ̀ Japan àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ka DNA máítókọ́ńdríà adìyẹ ilé àti ti adìyẹ igbó. Wọ́n rí i pé adìyẹ igbó pupa, Gallus gallus, tí ó wà ní agbègbè Thailand ni ó sún mọ́ adìyẹ ilé jù lọ, wọ́n sì gbà pé ibẹ̀ nìkan ni orísun rẹ̀. Ní 2006, ìwádìí tí ó gbòòrò ju ìyẹn lọ fi hàn pé ìran ìyá tí adìyẹ ilé ní ju ẹyọ kan lọ, wọ́n sì fi lẹ́tà A títí dé I sọ wọ́n lórúkọ. Ní 2008, Eriksson àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ jíìnì tí ó ń sọ awọ àti ẹsẹ̀ adìyẹ di àwọ̀ ìyeyè wò. Wọ́n rí i pé kì í ṣe ara adìyẹ igbó pupa ni ó ti wá, bí kò ṣe ara ìbátan rẹ̀, adìyẹ igbó eléérú, Gallus sonneratii, ti ilẹ̀ Íńdíà. Nínú DNA inú kókó sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ti rí èyí. Ìbá ṣe pé ẹ̀rí ìran ìyá nìkan ni a gbọ́, ọ̀rọ̀ náà ìbá farasin.

Ní 2020, ìwádìí kan tí ó lo jínóòmù 863 tọ́ka sí ẹ̀yà adìyẹ igbó pupa tí ń jẹ́ Gallus gallus spadiceus gẹ́gẹ́ bí ìpìlẹ̀. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn Ṣáínà, àríwá Thailand àti Myanmar ni ẹ̀yà yìí ń gbé. Láti ibẹ̀ ni adìyẹ ilé ti tàn ká, tí ó sì ń bá àwọn ìbátan rẹ̀ inú igbó gùn lójú ọ̀nà. Ìdí nìyí tí ìwádìí àkọ́kọ́ fi rí orísun kan, tí èyí tí ó tẹ̀ lé e sì rí púpọ̀: ìpìlẹ̀ kan ni, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ dà pọ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn náà.

Láti igbó Éṣíà dé etí Odò Ọya

DNA ń sọ ìbátan, ṣùgbọ́n egungun inú ilẹ̀ ni ó ń sọ àkókò dáadáa. Egungun adìyẹ ilé tí ó dájú jù lọ láti àkókò àkọ́kọ́ ni a rí ní Ban Non Wat ní ilẹ̀ Thailand, tí ọjọ́ orí rẹ̀ bọ́ sí àárín 1650 sí 1250 ṣáájú ìbí Kristi. Ìwádìí tí ó gbé èyí jáde ní 2022 so ó mọ́ ọ̀gbìn ìrẹsì àti ọkà bàbà wẹ́wẹ́: oúnjẹ tí ó dà sílẹ̀ ní oko àti ní àká ni ó fa ẹyẹ igbó wá sọ́dọ̀ ènìyàn.

Ní Áfíríkà, egungun adìyẹ wà ní Mezber ní àríwá Etiópíà láti nǹkan bí 820 sí 595 ṣáájú ìbí Kristi. Ní apá ọ̀dọ̀ wa, ẹ̀rí tí ó gbajúmọ̀ jù wá láti Jenné-jeno ní Màlì, ìlú àtijọ́ tí ó wà nítòsí Odò Ọya, àti láti Kirikongo ní Burkina Faso. Àárín ẹgbẹ̀rún ọdún kìíní lẹ́yìn ìbí Kristi ni àwọn egungun méjèèjì bọ́ sí.

Iṣẹ́ yìí kò rọrùn fún àwọn awalẹ̀. Ìdí ni pé egungun adìyẹ jọ ti ẹtù àti ti àparò gan-an, àwọn ẹyẹ méjèèjì yìí sì ti wà ní Áfíríkà kí adìyẹ tó dé. Ní 1992 ni Kevin MacDonald ṣàlàyé bí a ṣe lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Láìsí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá hú egungun ẹtù lè fi í pe adìyẹ, kí ó sì fi ẹgbẹ̀rún ọdún kún ìtàn tí kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ èdè náà ti dá sí ọ̀rọ̀ yìí: Kay Williamson, tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní Nàìjíríà, kọ orí kan ní 2000 nípa bí orúkọ tí àwọn èdè Áfíríkà ń pe adìyẹ ṣe lè tọ́ka sí ọ̀nà tí ó gbà wọlé.

Adìyẹ inú àgbàlá ní Nàìjíríà

Ní 2010, A. O. Adebambo àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí DNA máítókọ́ńdríà adìyẹ abúlé láti oríṣiríṣi agbègbè Nàìjíríà. Ohun méjì ni wọ́n rí. Èkíní ni pé ìran ìyá kan ni ó gbilẹ̀ láàárín wọn, èyí tí ó bá ti ilẹ̀ Íńdíà àti àyíká rẹ̀ tan. Èkejì ni pé ìran ìyá kò yàtọ̀ láti agbègbè dé agbègbè: adìyẹ inú igbó kìjikìji àti adìyẹ ilẹ̀ ọ̀dàn kò ṣeé fi í yà sọ́tọ̀.

Àbájáde kejì yìí lè ya oníṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò lè ya ẹni tí ó mọ ìgbé ayé Yorùbá lẹ́nu. Adìyẹ kì í dúró sójú kan. A ń kó o sínú àgò lọ sí ọjà. A ń fi í ta ìyàwó lọ́rẹ, a ń fi í kí àna, a ń fi í ṣe ìrànà òkú, a sì ń gbé e lọ sílé babaláwo. Ẹni tí kò ní adìyẹ lè gba àgbébọ̀ ẹlòmíràn sìn, kí wọ́n sì jọ pín ọmọ rẹ̀. Nípa báyìí, ìran àgbébọ̀ kan lè ti ìlú kan dé ìlú kẹwàá láàárín ọdún díẹ̀. Ohun tí máítókọ́ńdríà fi hàn gẹ́gẹ́ bí àìní ààlà jẹ́ àkọsílẹ̀ àjọṣe láàárín àwọn ènìyàn.

Orúkọ gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀

Pé ìran ìyá kò yàtọ̀ kò túmọ̀ sí pé ara gbogbo adìyẹ ìbílẹ̀ rí bákan náà. Yorùbá mọ abólọ́rùn, tí ọrùn rẹ̀ bó láìní ìyẹ́. Wọ́n mọ aṣa, tí ìyẹ́ rẹ̀ ká sẹ́yìn. Wọ́n sì mọ òpìpì, tí ìyẹ́ apá rẹ̀ kò tó láti fò. Àwọn orúkọ yìí kì í ṣe orúkọ ẹ̀yà adìyẹ. Nínú ìyàgbẹ́ kan ṣoṣo, ọmọ kan lè jẹ́ abólọ́rùn kí ọmọ ìyá rẹ̀ má rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí orúkọ ń dárúkọ ni àbùdá kan pàtó tí ó lè ti ara òbí bọ́ sára ọmọ. Bí ìmọ̀ jíìnì ṣe pín in gan-an nìyẹn.

Ní 2011, ìwádìí kan fi hàn pé abólọ́rùn ní abala DNA kan tí ó kúrò ní àyè rẹ̀, tí ó sì lọ wọ àyè mìíràn nínú jínóòmù. Èyí mú kí jíìnì tí ń jẹ́ BMP12 ṣiṣẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ nínú awọ, ọrùn sì ni ipa rẹ̀ ti pọ̀ jù, tí ìyẹ́ kò fi hù níbẹ̀. Ní 2012, ìwádìí mìíràn rí ohun tí ó fa aṣa: àbùkù kan nínú jíìnì KRT75, tí ó wà lára àwọn jíìnì tí ń ṣe ohun líle inú ìyẹ́. Ohun kékeré ni ó yí padà nínú ìwé gígùn náà, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti rí ipa rẹ̀ lójú, wọ́n sì ti sọ ọ́ lórúkọ.

Abólọ́rùn ṣe pàtàkì ju ìrísí rẹ̀ lọ. Yorùbá máa ń pa á lówe pé, "Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀." Onímọ̀ ẹranko yóò sọ pé adìyẹ kò ní ihò òógùn lára, mímí hẹlẹhẹlẹ ni ó fi ń tu ara rẹ̀. Síbẹ̀, òwe náà rí òkodoro kan: ooru ń mú adìyẹ, ìyẹ́ ni ó sì bo ooru náà mọ́ ọn lára. Abólọ́rùn tí ó jogún jíìnì yìí láti ọ̀dọ̀ òbí kan ṣoṣo ní ìyẹ́ tí ó fi bí ìdá kan nínú márùn-ún dín sí ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Èyí tí ó jogún rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyá àti baba ń pàdánù tó ìdá méjì nínú márùn-ún. Ooru ń rí ọ̀nà jáde lára irú adìyẹ bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ olóoru, èyí lè ya ẹyẹ tí ó ń jẹun tí ó sì ń yé sọ́tọ̀ sí èyí tí ó ń kú lọ nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Àlejò láti Éṣíà ni adìyẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n irú àbùdá báyìí, tí ilẹ̀ gbà láyè tí àwọn olùsìn kò sì pa run, ni ó sọ ọ́ di ti ìbílẹ̀.

Ẹsẹ̀ márùn-ún àti ààlà ẹ̀rí

A wá lè padà sí adìyẹ Ifẹ̀. Ọ̀pọ̀ alálàyé gbà pé ìka ẹsẹ̀ márùn-ún ni "ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún" túmọ̀ sí. Ìka mẹ́rin ni adìyẹ sábà máa ń ní lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, oníka márùn-ún wà: Dorking ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Houdan ti ilẹ̀ Faransé àti Silkie ti ilẹ̀ Éṣíà jẹ́ àpẹẹrẹ. Columella, òǹkọ̀wé ará Róòmù tí ó kọ̀wé nípa iṣẹ́ oko ní ọ̀rúndún kìíní, tilẹ̀ ka àgbébọ̀ oníka márùn-ún sí ojúlówó jù lọ. Àwọn onímọ̀ jíìnì ti tọpa rẹ̀ dé ìyípadà kan nínú abala DNA tí ń jẹ́ ZRS, tí ó ń darí jíìnì SHH nígbà tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bá ń hù lára ọmọ inú ẹyin.

Ìdánwò ńlá wà níhìn-ín fún olùwádìí. Ó rọrùn láti sáré sọ pé adìyẹ oníyìípadà ZRS ni ó tan ilẹ̀ Ifẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò bọ̀wọ̀ fún ìtàn, kò sì bọ̀wọ̀ fún sáyẹ́ǹsì. Ìtàn ìṣẹ̀dá kì í ṣe àpẹẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tí a ń gbé lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Iye márùn-ún nínú rẹ̀ ń sọ fún olùgbọ́ pé ẹyẹ yìí kì í ṣe ẹyẹ lásán, iṣẹ́ tí a rán an sì ju agbára adìyẹ lásán lọ.

Ohun tí a lè sọ láìṣe àṣejù jẹ́ mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni ti àkókò. Àwọn ère orí idẹ Ifẹ̀ tí ó lókìkí bọ́ sí nǹkan bí ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Nígbà náà, adìyẹ ti lo bí ọgọ́rùn-ún márùn-ún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Kò sí ohun kankan nínú ẹ̀rí jíìnì tàbí ti egungun tí ó mú kí adìyẹ ṣòro láti rí nínú ìtàn ìlú náà.

Èkejì ni pé ìtàn náà kò sọ rí pé inú ilẹ̀ Ifẹ̀ ni adìyẹ ti hù jáde. Ohun tí ó sọ ni pé a gbé e dání wá láti ibòmíràn, lọ́wọ́ ẹni tí ó wá tẹ̀dó. Èyí kì í ṣe ẹ̀rí ìrìn-àjò láti Éṣíà, kò sì yẹ kí a lò ó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní ìwádìí jíìnì ti tú ìtàn Ifẹ̀ fó kò fetí sí ohun tí ìtàn náà wí.

Ẹ̀kẹta ni yíyàn tí ìtàn yan adìyẹ dípò ẹtù. Ọmọ Áfíríkà ni ẹtù, ìwádìí jínóòmù rẹ̀ sì tọ́ka sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gẹ́gẹ́ bí ibi tí a ti sọ ọ́ di ẹran ilé. Síbẹ̀, bí a bá sin ẹtù nílé, inú igbó ni ó ṣì fẹ́ràn láti lọ yé sí. Iṣẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀: nínú ẹ̀sìn Candomblé ní Brazil, tó-tò-tó funfun tí a ń kùn sára ìyàwó òrìṣà ń ṣe àfarawé ara ẹtù. Adìyẹ ni ó ń tan ilẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, òun ni ó sì ń padà sílé ní ìrọ̀lẹ́. Bí ìtàn bá ń wá ẹyẹ tí yóò sọ omi di ibùgbé, ẹyẹ tí ń bá ènìyàn gbé ni yóò yàn.

Ohun tí ó wà nínú ewu

Adìyẹ tí a ń pè ní "àgíríìkì" ti gba ọjà ìlú ńláńlá. Ó ń tètè tóbi, ó sì ń yé púpọ̀, ṣùgbọ́n ó nílò oúnjẹ àrà ọ̀tọ̀ àti oògùn. Bí a bá ń da àkùkọ rẹ̀ pọ̀ mọ́ àgbébọ̀ abúlé láìní ètò, àbùdá tí ó ti pẹ́ kí ó tó gbilẹ̀ lè pòórá láàárín ìran díẹ̀. Máítókọ́ńdríà kò tilẹ̀ ní jẹ́ kí a mọ̀, nítorí ìran ìyá yóò ṣì rí bí ó ti ń rí.

Àwọn kan ti ń ṣiṣẹ́ lórí èyí. Ní Yunifásítì Àpapọ̀ fún Iṣẹ́ Ọ̀gbìn ní Abẹ́òkúta, láti ara adìyẹ ìbílẹ̀ ni wọ́n ti mú FUNAAB Alpha jáde. Ó wà lára àwọn tí a dán wò lábẹ́ ètò African Chicken Genetic Gains, tí ó ṣiṣẹ́ ní Etiópíà, Nàìjíríà àti Tanzania. Ṣùgbọ́n àbùdá kọ́ ni ohun kan ṣoṣo tí ó lè ṣègbé. Bí ọmọdé kò bá rí òpìpì mọ́, ọ̀rọ̀ náà yóò di ọ̀rọ̀ inú ìwé atúmọ̀-èdè, òwe tí a fi í pa yóò sì di àdììtú.

Níhìn-ín ni ìmọ̀ Yorùbá ti ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bí a bá kọ "adìyẹ ìbílẹ̀ Nàìjíríà" nìkan sórí àpẹẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan, ohun tí olùsìn mọ̀ ti sọnù: orúkọ tí ó ń pè é ní ẹ̀ka èdè tirẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ti gba ìyá rẹ̀, ohun tí a fi irú rẹ̀ ṣe, àti ìdí tí a kò fi pa á. Akẹ́kọ̀ọ́ èdè tí ó ń gba orúkọ àti òwe sílẹ̀ ní abúlé, àti akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹran ọ̀sìn tí ó ń gba ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò, lè jọ rìn lọ sí àgbàlá kan náà. Ohun tí ọ̀kan bá rí yóò tan ìmọ́lẹ̀ sí ti èkejì.

Àgbálọgbábọ̀

Ìwádìí jíìnì ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé adìyẹ inú àgbàlá Yorùbá jẹ́ àtọmọdọ́mọ adìyẹ igbó ilẹ̀ Éṣíà, pé ẹ̀jẹ̀ mìíràn dà pọ̀ mọ́ ọn lójú ọ̀nà, àti pé ìran ìyá rẹ̀ tàn ká Nàìjíríà láìní ààlà. Egungun fi hàn pé ó ti dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní àárín ẹgbẹ̀rún ọdún kìíní. Orúkọ Yorùbá fi hàn pé àwọn tí wọ́n gbà á lálejò fi ojú sílẹ̀, wọ́n dá àbùdá rẹ̀ mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì tọ́jú wọn. Nítorí náà, nígbà tí a bá pè é ní adìyẹ ìbílẹ̀, a kò purọ́ nípa ibi tí ó ti wá. Iṣẹ́ tí ó ti ṣe àti èyí tí a ti ṣe lára rẹ̀ láti ìgbà tí ó ti dé ni à ń jẹ́rìí sí. Ẹ̀rí náà ṣì wà láàyè nínú àgbàlá, ṣùgbọ́n kò ní dúró de ẹni tí kò bá tètè wá a lọ.